Aago wúrà ọ̀gá ọkọ̀ Fryatt

Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé gbà pé a mọ Ogun Àgbáyé Kìíní dáadáa. A mọ Verdun, a mọ odò Marne, a mọ Chemin des Dames. A mọ̀ pé wọ́n kó àwọn bàbá ńlá wa láti Dahomey lọ jà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń pè wọ́n ní tirailleurs sénégalais, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú kan Senegal rí kí ogun tó dé. Ìtàn yìí náà ni èmi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìtàn àti jọ́gíráfì ti ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì láti ọdún pípẹ́ wá: ìtàn àwọn ológun àti àwọn ọ̀gágun, ìtàn àwọn tí ó wọ aṣọ ogun.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbé oúnjẹ tí àwọn ológun wọ̀nyẹn ń jẹ? Ta ni ó ń gbé epo àti èkùrọ́ ilẹ̀ wa sọdá òkun nígbà tí ogun ń jó? Àwọn atukọ̀ ọkọ̀ òwò ni. Wọn kò búra fún ọba kankan pé àwọn yóò jagun. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá kiri. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé Tower Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó rí ibi ìrántí kan tí wọ́n fín orúkọ tí ó súnmọ́ 12,000 sí, orúkọ àwọn atukọ̀ òwò tí ogun kìíní yẹn pa, tí wọn kò ní ibojì mìíràn ju òkun lọ.

Nínú àwọn atukọ̀ òwò tí ogun náà mú lọ, ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Charles Fryatt ni orúkọ rẹ̀. Òun ní ibojì ní tirẹ̀, nítorí kì í ṣe òkun ni ó pa á. Ìdájọ́ ni ó pa á, aago wúrà tí wọ́n fi yìn ín sì wà lára ohun tí ó jẹ́rìí lòdì sí i.

Southampton, ìlú èbúté kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i. Atukọ̀ ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ìdílé náà kó lọ sí Harwich, ní etíkun ìlà-oòrùn, ọmọ tẹ̀lé bàbá wọ inú ọkọ̀, bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wọ agbẹ̀dẹ. Ní ọdún 1892 ó wọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Great Eastern Railway, tí ó ní àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń ná ọ̀nà Harwich sí Hòláǹdì. Ọmọ iṣẹ́ lásán ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gòkè títí ó fi di ọ̀gá ọkọ̀. Ó gbéyàwó, wọ́n sì bí ọmọ méje, obìnrin mẹ́fà àti ọkùnrin kan ṣoṣo.

Ẹ wo ìgbésí ayé yìí dáadáa. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ì bá mú kí orúkọ ọkùnrin náà dé Kétu, Ṣábẹ tàbí Àjàṣẹ́. Ó ń kó èrò àti ẹrù lọ, ó ń kó èrò àti ẹrù bọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ wa tí ń ná Kútọnu sí Parakou. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko: ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìyàwó àti àwọn ọmọ ń retí rẹ̀ ní etíkun.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914. Hòláǹdì kò dá sí i, nítorí náà ọ̀nà Harwich sí Rotterdam kò dí. Àwọn ọkọ̀ ń gbé oúnjẹ, wọ́n ń gbé lẹ́tà, wọ́n sì ń gbé àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m tí ogun lé kúrò nílé. Ní oṣù kejì ọdún 1915, ìjọba Jámánì kéde pé gbogbo omi tí ó yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká ti di ojú ogun, àti pé ọkọ̀ òwò ọ̀tá tí àwọn bá bá níbẹ̀, àwọn yóò rì í. Ọkọ̀ abẹ́ omi ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà, ọkọ̀ tí ojú kì í rí títí yóò fi yọ sójú omi bí ọ̀nì.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà kò dákẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òwò pé, bí ọkọ̀ abẹ́ omi bá yọ sí wọn níwájú lójijì, kí wọ́n má ṣe dúró. Kí wọ́n kọ orí ọkọ̀ sí i tààrà, kí wọ́n sì sáré dé ibi tí ẹ̀rọ bá lè sáré dé. Ọ̀gá ọkọ̀ tí ó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ lélẹ̀ láìjà yóò dáhùn níwájú adájọ́. Báyìí ni àṣẹ méjì ṣe dé bá àwọn tí kì í ṣe ológun. Ọ̀tá ní, bí o bá sá tàbí bí o bá jà, o kú. Ìjọba tirẹ ní, bí o kò bá jà, o jẹ̀bi. Àwọn àgbà wa ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ti sọ fún pé kò gbọdọ̀ dúró sílé, kí ni yóò ṣe?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 1915, Fryatt ń darí ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Wrexham nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi kan bẹ̀rẹ̀ sí í lépa rẹ̀. Ó sá fún un tó nǹkan bí 40 máìlì ojú òkun. Àwọn òṣìṣẹ́ orí ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ ran àwọn tí ń da èédú sínú iná lọ́wọ́, wọ́n sì fi ipá mú ẹ̀rọ náà sáré kọjá agbára rẹ̀, títí ọkọ̀ fi wọ Rotterdam pẹ̀lú ihò èéfín tí iná ti jó. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní aago wúrà, wọ́n sì fín ọ̀rọ̀ ìyìn sí i lára.

Oṣù náà kò tíì parí tí ọ̀ràn kejì fi dé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta, nígbà tí ó ń darí ọkọ̀ Brussels, ọkọ̀ abẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní U-33 yọ sí i nítòsí etíkun Hòláǹdì, ó sì pàṣẹ pé kí ó dúró. Fryatt kò dúró. Ó kọ orí ọkọ̀ rẹ̀ sí ọ̀tá náà, ó sì ń bọ̀ lórí rẹ̀ tìpá-tìpá. U-33 rì wọ abẹ́ omi kíákíá kí ọkọ̀ Brussels má bàa gùn ún mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kú. Àwọn aláṣẹ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fún un ní aago wúrà kejì. Lára aago yìí ni wọ́n fín orúkọ rẹ̀, orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó kojú ọkọ̀ abẹ́ omi sí.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má rò pé ọ̀ràn òkun àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni èyí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta yẹn gan-an, ọkọ̀ abẹ́ omi mìíràn, U-28, rì ọkọ̀ èrò kan tí ń jẹ́ Falaba ní gúúsù erékùṣù Ireland. Láti Liverpool ni ó ti gbéra, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó sì dorí kọ. Èyí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó bá a lọ. Ọ̀nà omi tí ọkọ̀ Falaba ń tọ̀ ni ọ̀nà tí iyọ̀, aṣọ àti irin ń gbà dé èbúté wa, tí epo àti èkùrọ́ sì ń gbà lọ. Àti ṣáájú èyí, ní Kamina nítòsí Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ ará wa ń gbé ní Tógò, àwọn ará Jámánì ti gbé àwọn òpó irin gíga kan ró tí wọ́n fi ń bá Berlin àti àwọn ọkọ̀ wọn lójú òkun Àtìláńtíìkì sọ̀rọ̀ láìsí okùn. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ń súnmọ́ tòsí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n wó o. Ẹ rí i pé ogun ojú òkun yìí ti bá wa nílé kí àwọn baba wa tó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1916, ọwọ́ tẹ Fryatt. Ọkọ̀ Brussels ń ti Hòláǹdì bọ̀ ní òru, pẹ̀lú àwọn tí ogun lé nílé nínú rẹ̀, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì yí i ká. Wọ́n fà á lọ sí Zeebrugge, láti ibẹ̀ wọ́n mú un lọ sí Bruges ní Bẹ́ljíọ̀m tí ó wà lábẹ́ àkóso wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n kó òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ruhleben, àgọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Berlin. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe ológun ni wọ́n ń kó sí Ruhleben. Àwọn tí ó mú un mọ̀ pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ jẹun ni.

Wọ́n tún dá a padà sí Bruges. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1916, ilé-ẹjọ́ ológun jókòó lé e lórí nínú gbọ̀ngàn ìlú náà. Ẹ̀sùn rẹ̀ kò gùn: ẹni tí kì í ṣe ológun ni, ó sì gbìyànjú láti rì ọkọ̀ ogun. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lára aago wúrà náà, tí wọ́n kọ láti fi bọlá fún un, di ẹ̀rí tí kò lè sẹ́. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. Ní agogo méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n yìnbọn pa á. Ní èdè mẹ́ta, èdè àwọn ará Hòláǹdì, Faransé àti Jámánì, ni wọ́n fi kéde ikú rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Láàárọ̀ ó wà láàyè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ méje ti di ọmọ aláìníbaba.

Orúkọ tí ilé-ẹjọ́ náà fi pè é ni franc-tireur. Èmi tí mo fi èdè Faransé kàwé mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ní ogun ọdún 1870, àwọn Faransé tí kò wọ aṣọ ogun gbé ìbọn, wọ́n sì ń ba de àwọn ọmọ ogun Prussia. Ní tàwọn Faransé, akọni ni franc-tireur; ní tàwọn ará Prussia, apànìyàn tí òfin kò dáàbò bò ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ojú méjì ni ó ní. Ọdún 46 lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ Faransé yìí ni adájọ́ Jámánì fi pa atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìlú Bẹ́ljíọ̀m.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì tí ń múra ìdánwò BEPC, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní: «Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́, ṣé akọni ni àbí arúfin?» Ọmọkùnrin kan dá a lóhùn pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ó ní ọkùnrin tí kò bá gbèjà ọkọ̀ rẹ̀, kí ni yóò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀? Òmíràn ní bí ẹni tí kò wọ aṣọ ogun bá lè kọlu ológun, ológun náà yóò máa wo gbogbo ẹni tí kò wọ aṣọ ogun bí ọ̀tá, ìyà rẹ̀ yóò sì bá àwọn ìyá wa lọ́jà. Inú mi dùn sí àríyànjiyàn wọn, nítorí àwọn amòfin àgbà pàápàá jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọkọ̀ òwò ti ní ẹ̀tọ́ láti má jẹ̀ẹ́ kí a mú òun. Àwọn ará Jámánì ní ẹ̀tọ́ láti jà, ti ológun nìkan ni. Lẹ́yìn tí ogun parí, ní ọdún 1919, ìgbìmọ̀ kan ní Jámánì tún ẹjọ́ náà wò, ó sì sọ pé ó bá òfin mu.

Èmi ní tèmi dúró lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn tí ó yìn ín àti àwọn tí ó pa á, ohun kan náà ni wọ́n fi í ṣe. Ìjọba rẹ̀ fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn atukọ̀ yòókù pé kí wọ́n má ṣe dúró. Ọ̀tá fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn atukọ̀ kan náà pé ẹni tí kò bá dúró yóò kú. Ìhà méjèèjì kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ jẹ́ àpẹẹrẹ. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni í fara gbá a. Ṣùgbọ́n ti Fryatt burú ju ti koríko lọ, nítorí pé erin kan ti so wúrà mọ́ koríko náà lọ́rùn kí erin kejì lè dá a mọ̀.

Ní ọdún 1919, wọ́n hú òkú rẹ̀ ní Bruges, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, wọ́n ṣe ìsìn òkú rẹ̀ ní ilé ìjọsìn ńlá St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n tó sin ín sí Dovercourt, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Harwich, nítòsí omi tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí ó gbé e ni ó gbé òkú Edith Cavell, nọ́ọ̀sì tí àwọn ará Jámánì pa ní Bẹ́ljíọ̀m, ni ọdún yẹn kan náà. Ọlá ńlá ni wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ronú kan àwọn 12,000 tí orúkọ wọn wà ní Tower Hill, mo ń béèrè pé ta ni ó sọ fún àwọn ọmọ tiwọn bí bàbá wọn ṣe kú.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń jẹ mí lọ́kàn kò sí nínú ìwé nìkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lójú òkun báyìí nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Owó tí ó ń fi ránṣẹ́ ni àwọn àbúrò rẹ̀ fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2024, nígbà tí ìròyìn ń sọ pé wọ́n ń yìnbọn lu àwọn ọkọ̀ òwò ní Òkun Pupa àti ní ìgbèríko rẹ̀, ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ, mo sì tètè gbé e dìde. Ó ní: «Olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé. Ibi tí ọmọ mi ń lọ yìí, ṣé ogun wà níbẹ̀?» Mo mọ̀ pé ní oṣù kẹta ọdún náà, àdó olóró kan bá ọkọ̀ True Confidence ní etí òkun Aden, ó sì pa atukọ̀ mẹ́ta. Kò sí ológun nínú wọn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí Fryatt ti ṣiṣẹ́, bí ọmọ obìnrin yìí náà ti ń ṣiṣẹ́.

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní: «Ìyá, ogun wà lójú òkun níbòmíràn, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí òun wà.» A pè é lórí fóònù. Mo béèrè orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, àsíá orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ náà ń gbé, orúkọ ẹni tí ó ni ín, àti bóyá ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, mo sì fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó fi í pamọ́. Mo tún ka ohun tí mo mọ̀ fún ọmọ náà: pé Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé ṣe àdéhùn kan ní ọdún 2006 fún àwọn òṣìṣẹ́ ojú òkun, pé orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò wà lára àwọn tí ó tẹ́wọ́ gbà á, pé ẹ̀tọ́ atukọ̀ ni láti ní ẹ̀dà ìwé àdéhùn rẹ̀ tí a ti fọwọ́ sí, àti pé ìlànà inú rẹ̀ sọ pé bí ọkọ̀ bá ń lọ sí ojú ogun tí atukọ̀ kò sì gbà láti lọ, kí wọ́n dá a padà sílé. Ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe asà irin. Ṣùgbọ́n Fryatt kò ní i rárá. Àṣẹ méjì nìkan ni ó ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé wa yìí, tí òkun ń pè, mi ò ní kí ẹ má lọ. Iṣẹ́ ọlá ni, àwọn tí ń ṣe é ni wọ́n ń bọ́ ayé. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ akọni kó o sínú ewu, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí òun alára yóò dúró sí nígbà tí ọ̀tá bá dé. Ẹni tí ó fún Fryatt ní aago wúrà kò sí ní Bruges ní ọjọ́ 27 oṣù keje.

Àwa tí a wà nílé náà ní iṣẹ́ tiwa. Kí èbúté Kútọnu tí a ṣí ní ọdún 1965 tó dé, orí wharf ni àwọn bàbá wa ti ń kó ẹrù láti inú ọkọ̀ kékeré tí ń la ìgbì kọjá. Òmíràn nínú wọn wọ ọkọ̀ ńlá lọ, a kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́. Nínú agbo ilé wa ní Àjàṣẹ́, wọ́n ṣì máa ń dárúkọ ẹnì kan báyìí nígbà tí a bá ń ka àwọn ẹni tí ó ti lọ: wọn kò mọ ọkọ̀, wọn kò mọ ọdún, orúkọ nìkan ni ó kù. Bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní ilé tiyín, ẹ lọ bá àgbà tí ó mọ̀ ọ́n nígbà tí ohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀. Wúrà kọ́ ni a ó fi yẹ́ wọn sí. Ká mọ̀ pé wọ́n jáde nílé láti wá oúnjẹ fún wa, ká sì lè sọ orúkọ wọn láìṣìnà: ẹ̀yẹ tí kò lè pa ẹnikẹ́ni nìyẹn.